Bátìrì Káàsẹ́ẹ̀tì Géèmù Àtijọ́: Ọ̀nà Mẹ́rin Tí A Fi Ń Pààrọ̀ Rẹ̀, Àti Èyí Tí Mo Máa Yàn

Ẹ ki káàsẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ, géèmù tàn, orin rẹ̀ dún bó ṣe máa ń dún, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Àmọ́ ibi tí ẹ bá a dé lánàá ti pòórá. Ẹ tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ séèfù rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ máa fi padà dé, òfìfo ni. Géèmù kò bàjẹ́ o, ẹ̀rọ kò sì ní àìsàn kankan. Bátìrì róbótó kan wà nínú káàsẹ́ẹ̀tì yẹn, òun ló gbẹ́mìí mì.

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé bátìrì wà níbẹ̀ rárá. Áísì (IC, ẹ̀yà dúdú kékeré orí bọ́ọ̀dù inú káàsẹ́ẹ̀tì) tí géèmù ìgbà yẹn ń kọ ìrántí rẹ̀ sí, SRAM ni wọ́n ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń wọlé sí i lára, kò ní gbàgbé ohunkóhun. Ìgbà tí iná bá já, gbogbo rẹ̀ parẹ́. Tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, bátìrì ló ń fún un ní iná tín-ín-tín tó fi ń rántí. The Legend of Zelda wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ ọ̀nà yìí: nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1986, orí dísìkì ló wà, nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1987, ó ti di káàsẹ́ẹ̀tì tó ní bátìrì nínú. Àwọn bátìrì tí wọ́n fi síbẹ̀ láyé ìgbà yẹn ti lé ní ọdún 20 báyìí, òmíràn ti lé ní 30.

Kò sí èyí tí kò ní kú nínú wọn. Ohun tó kù láti pinnu ni ọ̀nà tí ẹ máa gbà pààrọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti máa ń ṣìnà, nítorí bátìrì ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn kò wo séèfù. Bátìrì ṣeé rà lọ́jọ́kọ́jọ́. Séèfù tí ọmọ ọdún 10 fi odindi ìsinmi kọ́ kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wo ni bátìrì tiyín ń ṣe?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iṣẹ́ méjì ni bátìrì lè máa ṣe nínú káàsẹ́ẹ̀tì: ó lè máa tọ́jú séèfù, ó sì lè máa yí aago. Èyí tó bá ń ṣe ló máa sọ ohun tí ẹ lè yàn àti ohun tí ẹ kò lè yàn.

Ìdílé géèmù Pokémon ni mo máa fi ṣàlàyé, torí gbogbo ẹ̀yà ló pé síbẹ̀. Red àti Blue, séèfù nìkan ni bátìrì wọn ń tọ́jú. Gold, Silver àti Crystal ní aago tó ń ka wákàtí àti ọjọ́, nítorí náà bátìrì kan ṣoṣo ló ń gbé séèfù, òun náà ló tún ń yí aago tọ̀sántòru, yálà ẹ ń gbá géèmù tàbí ẹ ti tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ìdí nìyẹn tí bátìrì Gold fi sábà máa ń kú ṣáájú ti Red, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Red lẹ̀gbọ́n. Ruby, Sapphire àti Emerald, ti Game Boy Advance, yàtọ̀ pátápátá: orí áísì flash ni séèfù wọn wà, flash kò sì nílò iná kó tó rántí. Aago nìkan ni bátìrì wọn ń yí. Tó bá kú, géèmù fúnra rẹ̀ á sọ fún yín bí ẹ bá ṣe ń tàn án, pé bátìrì inú ti gbẹ, pé ẹ ṣì lè máa gbá a lọ, àmọ́ ohun tó ń tẹ̀lé aago kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. FireRed àti LeafGreen kò ní bátìrì kankan.

Ẹni tí Emerald rẹ̀ ń kìlọ̀ báyìí, kó fọkàn balẹ̀. Séèfù rẹ̀ kò lọ ibì kan. Ẹni tó ní Crystal tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń mí ni kó tètè dìde.

Ẹ má sì fi ojú ẹ̀rọ mọ káàsẹ́ẹ̀tì. Lórí Nintendo 64 (N64) nìkan, Super Mario 64 ń lo EEPROM, áísì tí kì í gbàgbé bí iná bá já, kò ní bátìrì. The Legend of Zelda: Ocarina of Time ń lo SRAM àti bátìrì. Majora's Mask tó tẹ̀ lé e ń lo flash. Ẹ̀rọ kan náà, ọ̀nà mẹ́ta. Bí ẹ bá ní Sonic 3 ti Mega Drive, tó jáde ní 1994, irú áísì kan tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ló wà nínú rẹ̀, bátìrì kò sí níbẹ̀ láti pààrọ̀.

Kí n tó gbàgbé: bí séèfù Emerald yín bá ń sọnù nígbà tí bátìrì kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ayédèrú ni. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi SRAM àti bátìrì sí ibi tó yẹ kí flash wà.

Ìwọ̀n bátìrì: orúkọ rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀

Ẹ ṣí káàsẹ́ẹ̀tì kí ẹ ka ohun tó wà lára bátìrì. Síkúrù àwọn káàsẹ́ẹ̀tì Nintendo àtijọ́ kì í ṣe èyí tí síkúrúdíráfà ilé lè tú: 3.8 mm oníhò ni wọ́n ń lò fún un, ti Game Boy Advance sì jẹ́ olórí alápá mẹ́ta. Ẹ rà á. Mo ti rí ẹni tó fi iná yọ́ ẹnu bírò kó lè fi tú u, ó sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ síkúrù kejì jẹ ẹnu bírò náà tán.

Lára bátìrì, ẹ máa rí nǹkan bíi CR2032. C ń sọ irú kẹ́míkà inú rẹ̀, R ń sọ pé róbótó ni, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, méjì tó kẹ́yìn ni ìnípọn rẹ̀: 32 túmọ̀ sí 3.2 mm. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù:

| | CR1616 | CR2025 | CR2032 |
|---|---|---|---|
| Ìbú | 16 mm | 20 mm | 20 mm |
| Ìnípọn | 1.6 mm | 2.5 mm | 3.2 mm |
| Fóòtì (V) | 3 | 3 | 3 |
| Agbára, ní ìdíwọ̀n | 50 mAh | 160 mAh | 220 mAh |
| Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń mu 1 µA | bí ọdún 5.7 | bí ọdún 18 | bí ọdún 25 |
| Bó bá ń mu 3 µA | bí ọdún 1.9 | bí ọdún 6 | bí ọdún 8.4 |
| Ibi tí ẹ ti máa bá a pàdé | Ruby, Sapphire, Emerald | Gold, Silver, Crystal | NES, SNES, N64 (ẹ̀rọ géèmù Nintendo) |

Ìlà méjì tó ń sọ iye ọdún yẹn, ìṣirò orí bébà ni: agbára bátìrì (mAh) ni mo fi iye iná tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mu (µA) pín. Bátìrì fúnra rẹ̀ máa ń dín díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún kódà bí kò bá ṣe nǹkan kan, ooru ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí náà sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi tábìlì yẹn mọ ohun tó fà á tí káàsẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà kì í fi í kú lọ́jọ́ kan náà.

Ìwọ̀n tí ẹ bá níbẹ̀ ni kí ẹ fi padà. Àwọn kan máa ń fi CR2032 rọ́pò CR2025 kí ó lè pẹ́ sí i, fóòtì wọn kò sì yàtọ̀, nítorí náà áísì kò ní mọ̀. Ohun tó máa mọ̀ ni páálí ike tó bò ó: 0.7 mm tó lé yẹn lè jẹ́ kí ara káàsẹ́ẹ̀tì wú, kó sì máa ṣòro láti wọ inú ẹ̀rọ. Èmi kì í ṣe é. CR2025 níbi CR2032 kò léwu, ẹ kàn máa tètè tún un ṣe ni.

Ẹ ṣọ́ra fún bátìrì tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. LIR2032 róbótó bákan náà, àmọ́ èyí tó ṣeé sá jí ni. Tó bá kún, fóòtì rẹ̀ ń lọ sí 4.2, kò sì sí ohun tó ń sá a jí nínú káàsẹ́ẹ̀tì. Dáyóòdù tàbí áísì kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń dí iná ẹ̀rọ kó má baà wọ inú bátìrì, nítorí náà bó bá gbẹ, ó gbẹ nìyẹn. ML2032 náà ṣeé sá jí, agbára rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti CR2032. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. BR2032 ni mo lè gbà: ó fara da ooru ju CR lọ, ó sì máa ń pẹ́ lórí iṣẹ́ tí kò mu iná púpọ̀. Agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti CR2032, èyí tó ní etí (pẹlẹbẹ irin tí a fi ń jó o mọ́ bọ́ọ̀dù) sì ṣòro rí díẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbà á. Bí ẹ kò rí i, ẹ má wá a kiri.

Bátìrì elétí

Etí ni mo ń pe pẹlẹbẹ irin méjì tí wọ́n ti jó mọ́ ojú àti ẹ̀yìn bátìrì ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀ ń yọ etí bátìrì tó kú kúrò lórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀ ń fi lẹ́ẹ̀dì jó etí tuntun mọ́ ibẹ̀, ó parí.

Ọ̀nà yìí ló dúró pẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀nà bátìrì. Kò sí ohun tó lè mì, kò sí ohun tó lè yẹ̀, páálí káàsẹ́ẹ̀tì á sì padé bó ṣe wà. Ohun tó ń béèrè ni ọwọ́ tó lè lo ayọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń fi tèmi sí láàrin 320 sí 350°C. Apá nẹ́gátíìfù ló máa ń ṣòro yọ́, torí bàbà tó tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ rẹ̀ ń fa ooru lọ. Ohun tí mo fi ń bá a jà ni pé kí n kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ àti péésìtì sórí ti àtijọ́. Àtijọ́ á tètè yọ́ bí tuntun bá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Níbi tí mo ti jìyà rí nìyí. Káàsẹ́ẹ̀tì Game Boy kan ni, mo ti yọ etí kan, èkejì kò gbà, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo fi píńsà fà á. Etí náà jáde lóòótọ́, ó sì fa ojú bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú. Wáyà tín-ín-rín kan ni mo fi tún ọ̀nà náà ṣe lẹ́yìn wákàtí méjì, bọ́ọ̀dù náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, àmọ́ bí mo bá ṣí i, ojú máa ń tì mí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n. Bí lẹ́ẹ̀dì kò bá tíì yọ́, ẹ má fà á.

Ẹ má sì jó lẹ́ẹ̀dì tààrà mọ́ ara bátìrì tí kò ní etí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, wọ́n á ha ojú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì fi ayọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Ooru yẹn ń ba ọ̀rá tó dí ẹ̀gbẹ́ bátìrì jẹ́, omi inú rẹ̀ lè máa jò sórí bọ́ọ̀dù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè bú mọ́ èèyàn lójú. Lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun à ń fi iná ṣeré lé lórí.

Kí ẹ tó jó o, ẹ wo àmì + tó wà lórí bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Etí àwọn bátìrì kan kọjú sí ibi tí ti àtijọ́ kò kọjú sí, ẹ sì lè gbé e dojú rú láìmọ̀.

Ilé bátìrì

Ilé ike tàbí ti irin kékeré tí ẹ máa jó mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ó máa ki bátìrì lásán bọ̀, tí ẹ ó máa yọ ọ́. Létí, ó dùn ju ti elétí lọ: ẹ ò ní jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ láyé, bátìrì tó wà níbi gbogbo ni ẹ máa lò.

Àyè ló ń kó bá a. Káàsẹ́ẹ̀tì NES fẹ̀ nínú, ti SNES náà lè gba èyí tó pẹlẹbẹ, àmọ́ ẹ lè ní láti gé ìgbátí ike kan kúrò nínú páálí rẹ̀. Game Boy kò ní àyè fún un bí ẹ kò bá gbẹ́ páálí, gbígbẹ́ páálí tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ sì jẹ́ ohun tí mi ò lè fọwọ́ sí. Ìṣòro kejì ni pé ilé bátìrì ń fi pẹlẹbẹ irin tó ń ta padà di bátìrì mú. Bí káàsẹ́ẹ̀tì bá ṣubú, bátìrì lè yẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn lè tó kí séèfù parẹ́.

Bátìrì tí wọ́n fi ohun kíkorò kùn lára kí ọmọdé má baà gbé e mì tún máa ń fa wàhálà nínú ilé bátìrì: bí ibi tí wọ́n kùn bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí irin ti kàn án, iná kò ní kọjá dáadáa. Kíkùn náà dára fún ilé tó ní ọmọdé, torí bátìrì róbótó tí ọmọ bá gbé mì lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí 2. Ẹ kàn yan èyí tí ìrísí kíkùn rẹ̀ kò bo ibi tí irin ń kàn.

Mo fẹ́ràn ilé bátìrì fún ohun kan ṣoṣo: káàsẹ́ẹ̀tì SNES tàbí NES tí ẹ fẹ́ máa gbá fún ọdún 40 sí i, tí kì í ṣe ti àfihàn.

Téèpù

Wọ́n á gé etí bátìrì àtijọ́ kúrò lára bátìrì, wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n á ki bátìrì tuntun sáàárín etí méjèèjì, wọ́n á sì fi téèpù dúdú lọ́ ọ. Kò gba ayọ́ọ̀nù, kò gba ìmọ̀.

Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gọ́ọ̀mù téèpù á rọ̀ nínú ooru, etí á sún, ẹ ó sì tún padà wá síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta káàsẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó ń pẹ́ tó kí káàsẹ́ẹ̀tì fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n ní «bátìrì tuntun ni», ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán inú rẹ̀ hàn yín.

FRAM: ẹ kúkú lé bátìrì jáde

Ọ̀nà kẹrin kò pààrọ̀ bátìrì, áísì ló ń pààrọ̀. FRAM ń kọ nǹkan sílẹ̀ kíákíá bíi SRAM, bí iná bá sì já, kì í gbàgbé. Ẹ yọ SRAM, ẹ fi FRAM sípò rẹ̀, ẹ yọ bátìrì sọnù, ọ̀rọ̀ bátìrì ti tán nínú káàsẹ́ẹ̀tì yẹn. Irú rẹ̀ ló wà nínú Sonic 3 láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá.

Méjì tí wọ́n ń lò jù ni FM16W08, tó gba 8 KB, àti FM18W08, tó gba 32 KB. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ láti 2.7 dé 5.5 fóòtì, ó sì ṣe pàtàkì, nítorí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ áísì ìrántí lórí bọ́ọ̀dù míì máa ń dín díẹ̀ sí 5 lẹ́yìn tó bá la dáyóòdù kọjá. Ẹni tó ṣe é ní ó lè gba kíkà àti kíkọ tírílíọ̀nù 100, pé ó sì lè rántí fún ọdún 38 nínú ooru 75°C. Kò sí géèmù tó lè lò ó dé ibẹ̀.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí, àbí? Ẹ dúró ná.

FRAM kò ní aago. Bí ẹ bá fi sínú Gold tàbí Crystal, séèfù á dúró, àmọ́ aago á kú bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, àyàfi bí ẹ bá tún fi bátìrì sílẹ̀ fún un, kí wá ni èrè? Fún Ruby àti Emerald, kò tiẹ̀ wúlò rárá, séèfù wọn ò sí lórí SRAM.

Ẹsẹ̀ áísì náà ńkọ́? FRAM méjì yìí ní ẹsẹ̀ 28, wọ́n sì kéré, orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń jókòó sí. SRAM inú ọ̀pọ̀ káàsẹ́ẹ̀tì àtijọ́ gùn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ihò, nítorí náà ẹ nílò bọ́ọ̀dù kékeré kan láàrin wọn. Super Mario World ní ìrántí 2 KB péré, áísì rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ 28, kò lè bọ́ síbẹ̀ tààrà. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí wọ́n á fi jó o tán: ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CE, èyí tí ẹ̀rọ fi ń jí áísì. SRAM kò bìkítà bí wọ́n bá dì í mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. FRAM fẹ́ kó gòkè kó sì tún sọ̀ kalẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ kà tàbí kọ. Bọ́ọ̀dù tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á máa fún yín ní ìdọ̀tí dípò séèfù. Nítorí náà, ẹ má fi FRAM dán bọ́ọ̀dù tí ẹ kò rí ẹlòmíràn tó ti ṣe é lórí irú rẹ̀ gan-an.

Yíyọ ẹsẹ̀ 28 sì yàtọ̀ sí yíyọ etí 2. Ibi tí èèyàn ti lè ba nǹkan jẹ́ ti di ìlọ́po 14.

Séèfù tó wà níbẹ̀ ńkọ́?

Bí bátìrì bá ti kú pátápátá, ẹ fò ibí yìí. Kò sí ohun tó kù láti gbà là. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ gbé mítà lé etí méjèèjì. Bátìrì tuntun máa ń ka 3 fóòtì tàbí kó lé díẹ̀. Tó bá ti wá sí 2.5, ẹ má tún ti ọjọ́ síwájú: ní nǹkan bíi 2 fóòtì, SRAM lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé.

Bí séèfù bá ṣì wà, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà, mo sì ní èrò tó le lórí wọn.

Èkíní, ẹ kó séèfù sórí kọ̀ǹpútà, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ dá a padà. Fún Game Boy àti àwọn àbúrò rẹ̀, GBxCart RW tàbí GB Operator, àwọn ẹ̀rọ tó ń ka káàsẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà, ń ṣe é. Fún NES, SNES, Mega Drive àti N64, Open Source Cartridge Reader wà, ẹni tó bá lè jó lẹ́ẹ̀dì lè fúnra rẹ̀ tò ó. Ẹ fọ ẹnu káàsẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kà á. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sì fi fáìlì méjèèjì wéra. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ìdọ̀tí wà ní ẹnu rẹ̀. Fáìlì Red tàbí Blue gbọ́dọ̀ jẹ́ 32 KB. Bí ẹ bá ṣí i tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ FF tàbí 00, séèfù ti lọ kí ẹ tó dé. Ẹ rí i pé fóòtì tí ẹ yàn lára ẹ̀rọ náà tọ̀nà: 5 fún Game Boy, 3.3 fún Game Boy Advance.

Èkejì ni kí ẹ fi iná sí i lára nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á so 3 fóòtì láti ìta mọ́ ojú bàbà kan náà, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù, kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́. Àwọn mìíràn á ki bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti bọ́ aṣọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n á tan ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa jó lẹ́ẹ̀dì lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti rí i. Àmọ́ etí kan ṣoṣo tó bá yọ̀ tó kan ẹsẹ̀ áísì, séèfù lọ, áísì tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì lè bá a lọ. Lójú tèmi, ìgbà tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń ka káàsẹ́ẹ̀tì rárá tí bátìrì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nìkan ló bójú mu, ti 3 fóòtì láti ìta ni mo sì máa yàn nínú méjèèjì.

Ẹni tó ní Gold tàbí Crystal, ẹ rántí pé séèfù lè padà, àmọ́ ẹ ó tún aago ṣètò. Fún Ruby, Sapphire àti Emerald, ìyàlẹ́nu míì wà: aago tuntun bẹ̀rẹ̀ láti òdo, séèfù sì rántí ọjọ́ tó ti jìnnà, nítorí náà èso tí ẹ gbìn lè má dàgbà fún ìgbà pípẹ́ lórí séèfù àtijọ́ yẹn, bátìrì tuntun tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ má rò pé ẹ ti jó o dà nù.

Ṣé kí n ṣe é fúnra mi?

Bí ẹ kò bá tíì di ayọ́ọ̀nù mú rí, ẹ ra bọ́ọ̀dù rédíò tó ti bàjẹ́, kí ẹ yọ nǹkan 20 kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ jó wọn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sórí géèmù eré bọ́ọ̀lù tí kò sẹ́ni tó bìkítà fún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí Crystal. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi í: ṣé bátìrì elétí ni ẹ máa lò, ṣé ẹ máa kó séèfù mi jáde kí ẹ tó fọwọ́ kàn án? Bó bá ní téèpù tó, ẹ gba káàsẹ́ẹ̀tì yín.

Èyí tí mo máa yàn

Bó bá jẹ́ Red, Blue, tàbí káàsẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó ní séèfù tí mo fẹ́ràn: kó séèfù jáde, bátìrì elétí ìwọ̀n kan náà, dá séèfù padà. Gold, Silver, Crystal: bákan náà, kò sí ọ̀nà mìíràn tó tọ́ nítorí aago. Ruby, Sapphire, Emerald: elétí CR1616, láìkánjú, tàbí kí n má tiẹ̀ ṣe nǹkan kan bí n kò bá nílò aago. Zelda ti NES tí àwọn ọmọ ilé ń gbá lójoojúmọ́: ilé bátìrì, bí páálí bá gbà á. Káàsẹ́ẹ̀tì SNES tó ní SRAM 8 KB tàbí 32 KB, tí irú bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti gba FRAM rí, tí séèfù inú rẹ̀ sì ti lọ tẹ́lẹ̀: níbẹ̀ ni FRAM ti ń dùn mọ́ mi jù, torí kò sí ohun tí mo lè pàdánù mọ́. Téèpù kò sí nínú ètò mi.

Bí ẹ bá jó o tán, ẹ má tíì dé síkúrù. Ẹ gbé mítà lé e, ẹ fi bébà kékeré kọ oṣù àti ọdún lẹ̀ mọ́ inú páálí. Ẹ ki bọ́ọ̀dù sínú ẹ̀rọ, ẹ séèfù lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó: kapásítọ̀ orí bọ́ọ̀dù lè gbé ìrántí fún ìgbà díẹ̀ kó sì tàn yín jẹ pé iṣẹ́ ti yọrí. Bí séèfù bá ṣì wà láàárọ̀ ọ̀la, ẹ dé síkúrù.